Àwo Tó Ṣáájú Ìwé

"Tàntí, bó bá dùn lóòótọ́, kí ló dé tí ẹ ò kọ́kọ́ sọ fún wọn kí wọ́n tó jẹ ẹ́?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Fàìzà lọ́jọ́ tó bi Ràmílátù, àbúrò bàbá rẹ̀, ní ìbéèrè yìí. Nídìí ẹ̀rọ omi ni àwọn méjèèjì lóṣòó sí, nínú àgbàlá ilé wọn ní Adjamé, ní ìlú Abidjan, wọ́n ń fọ àwo ìsọmọlórúkọ. Fàìzà kì í ṣe ọmọ tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti fọ àwo mọ́kànlá kó tó lè la ẹnu. Ràmílátù gba kànrìnkàn lọ́wọ́ ọmọ náà, ó ní, "Lọ bá ìyá rẹ gbé ọmọ," ó sì kọjú sí àwo bí ẹni pé àwo ló ṣẹ̀ ẹ́.

Ará Ìgbòho ni bàbá àti ìyá Ràmílátù, ṣùgbọ́n Abidjan ni wọ́n bí i sí. Bàbá wọn ta ohun èlò ọkọ̀ títí ó fi kú, Lúkmánì, bàbá Fàìzà, tó jẹ́ àkọ́bí, sì jogún ìsọ̀. Ràmílátù nìkan ló tọ ìwé lọ. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe oúnjẹ ní ilé iṣẹ́ ńlá, ó gba BTS, ìwé ẹ̀rí ọlọ́dún méjì, ó sì jókòó sílé fún ọdún méjì kí iṣẹ́ tó yọjú ní Yopougon, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹran ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí màlúù kan nínú ọgbà náà. Sóyà ni wọ́n ń rà. Wọ́n á fún òróró rẹ̀ kúrò, wọ́n á lọ ìyókù kúnná, wọ́n á fi omi pò ó, ẹ̀rọ kan tó gùn tó ọkọ̀ gbaka á wá fi ooru àti agbára tì í gba ihò tóóró, títí yóò fi jáde ní fọ́nrán-fọ́nrán bí ẹran itan. Wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á fi àrómù sí i, ìyẹn omi dúdú kan nínú kẹ́ẹ̀gì tó máa ń fún un ní òórùn ẹran. Iṣẹ́ Ràmílátù ni láti sè é, kó tọ́ ọ wò, kó sì sọ bóyá ó ti tó.

Ó mọ iṣẹ́ náà. Ó mọ̀ pé sóyà tí a kò bá kọ́kọ́ rẹ sínú omi ata kì í gba ọbẹ̀ sára. Ó mọ̀ pé kò sí ìyá tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ lọ́jà tí yóò tìtorí àánú màlúù ra oúnjẹ. Adùn ló ń wá, àti bí yóò ṣe pọ̀ nínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n nílé, kò sí ẹni tó ka iṣẹ́ yìí sí iṣẹ́. Mouritala, ọmọ àbúrò bàbá wọn, tó ń ta bàtà ní Treichville, ló burú jù.

"Ràmílátù, ẹran yín tí kò ké rí yẹn, ṣé ẹ máa ń fún un ní koríko jẹ kẹ́ ẹ tó pa á?"

"Mouritala, fi mí sílẹ̀ jàre."

"Mò ń béèrè ni. Ta ló máa ń bá yín dì í lẹ́sẹ̀ mú?"

Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Ràmílátù á bá wọn rín in, ṣùgbọ́n orí ètè ni ẹ̀rín náà máa ń mọ. Bí àlejò bá bi í níbi tó ń ṣiṣẹ́, "ilé iṣẹ́ oúnjẹ" ló máa ń wí, kì í sì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó di ọdún márùn-ún tó ti wà níbẹ̀, ìyàwó Lúkmánì bí obìnrin, wọ́n sì fẹ́ sọ ọ́ ní Rùmáísà. Wọ́n ra àgbò àkíkà, àgbò tí àwọn Mùsùlùmí ń pa nítorí ọmọ tuntun. Kì í ṣe ẹran àsè lásán. Wọ́n ti pe orúkọ Ọlọ́run lé e lórí, tìtorí ọmọ ni wọ́n sì ṣe pa á. Ẹni tó bá jẹ níbẹ̀, ó ti bá ọmọ náà pín nínú oúnjẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ ju àgbò lọ. Àwọn ará Ìgbòho wá, àwọn ará Ṣakí wá, àwọn oníbàárà Lúkmánì náà kò gbẹ́yìn. Nígbà tí Ràmílátù ṣí ìkòkò, ó rí i pé ẹran kò ní dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tó jókòó lórí ẹní lábẹ́ tapólì. Lúkmánì yọjú sí ilé ìdáná.

"Ràmílátù, ṣé ó tó?"

"Á tó, ẹ̀gbọ́n."

"Má jẹ́ kí ojú tì mí lónìí o. Àlàájì Sùrájù ti dé."

Àlàájì Sùrájù ni olórí àwọn ará Ìgbòho ní Adjamé. Òun ló fún bàbá wọn ní ìsọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ràmílátù wo firísà. Páálí sóyà kan wà níbẹ̀ tó gbé wá láti ibi iṣẹ́. Ó rò ó pé bí òun bá fi kún un, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ó tún rò ó nísàlẹ̀ ọkàn rẹ̀ pé bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, tí wọ́n yìn ín, òun á wá sọ fún wọn, ẹnu Mouritala á sì pa dé títí ayé. Ó rẹ ẹ́ sínú omi ata, ó dín in díẹ̀, ó dà á sínú ọbẹ̀ kan náà pẹ̀lú ẹran àgbò.

Oúnjẹ dé iwájú àwọn àgbà.

"Ta ló se ẹran yìí?" ni Àlàájì Sùrájù wí. "Eyín mẹ́rin ló kù lẹ́nu mi, gbogbo wọn ló ń dúpẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lúkmánì nawọ́ sí àbúrò rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Àlàájì gbé ọwọ́ sókè, ó ṣàdúrà fún ọwọ́ tó se oúnjẹ náà, wọ́n ṣe àmín. Mouritala ti ń mú ègé kẹta.

Ó yẹ kí Ràmílátù ti sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bu oúnjẹ, tàbí kó dákẹ́ títí ayé. Ó wá mú èyí tó wà láàrin.

"Mouritala, ẹran tí kò ké rí lò ń jẹ yẹn o! Ègé kẹta rèé! Sóyà ni!"

Àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wá ń kú láti orí ẹní dé orí ẹní, títí ìdákẹ́jẹ́ fi dé ọ̀dọ̀ Àlàájì.

"Kí ló wí?" ni bàbá bi Lúkmánì. Bàbá yíjú sí Ràmílátù. "Àkíkà ọmọ yìí ni sóyà?"

"Mo fi kún un ni, bàbá. Ẹran kò tó. Sóyà kì í ṣe èèyàn ní nǹkan."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Sóyà, bàbá. Iyọ̀. Òróró. Àti àrómù."

"Kí ló ń jẹ́ àrómù?"

"Òun ló ń jẹ́ kó máa ta sánsán bí ẹran."

"Láti ara kí ni wọ́n ti mú un?"

Ràmílátù la ẹnu. Ọdún márùn-ún ló ti ń bu omi yẹn láti inú kẹ́ẹ̀gì. Ó mọ ìwọ̀n rẹ̀ dórí ṣíbí. Kò bi ẹnikẹ́ni rí.

Bàbá kò jágbe. Ó fi ègé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí etí àwo pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní kí wọ́n gbé kẹ́tù àlùwàlá wá, ó sì fi omi ṣan ẹnu lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó na kẹ́tù sí ẹni tó tẹ̀ lé e. Ẹni yẹn ṣan ẹnu tirẹ̀. Báyìí ni kẹ́tù náà lọ yíká, ọwọ́ dé ọwọ́, tí kò sí ohùn kankan àfi ti omi. Nígbà tó kan Mouritala, ó ṣan ẹnu, kò sì ṣe yẹ̀yẹ́. Bí kò ṣe ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn ló dun Ràmílátù jù. Ilẹ̀ ì bá lanu, ì bá wọ ibẹ̀ lọ.

"Ọmọ mi," ni bàbá wí, "mi ò sọ pé ohun burúkú lo fún wa jẹ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìwọ alára kò mọ̀."

Lúkmánì kò bá àbúrò rẹ̀ wí. Ní ọjọ́ kejì, ó ra àgbò mìíràn, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ẹran náà láti ilé dé ilé. Ní gbogbo ilé tó dé, ó ń dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Wọn kò pe Ràmílátù kó wá gé ẹran. Fàìzà ni ó bá bàbá rẹ̀ gbé abọ́.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kí ó tó wọ aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀, Ràmílátù lọ bá Aristide, ọ̀gá tó ń yẹ ojúlówó ọjà wọn wò.

"Aristide, láti ara kí ni wọ́n ti ń mú àrómù?"

Aristide rẹ́rìn-ín. "Madame Ràmílátù, ọdún márùn-ún yín níbí rèé! Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ béèrè." Ó tú ìwé títí ó fi rí i. "Levure. Ìwúkàrà ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì. Kò sí ẹran kankan nínú rẹ̀, kò sì sí ọtí."

Ó gba ẹ̀dà ìwé náà, ó gbé e lọ sí ìsọ̀ Àlàájì Sùrájù. Ó kúnlẹ̀, ó túmọ̀ rẹ̀ fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó ká ìwé náà, ó dá a padà fún un.

"Ó dáa," ni ó wí. "Ìwé yìí ni ì bá ṣáájú àwo."

Ràmílátù ti rò pé ìwé náà á gbé ìtìjú kúrò lọ́rùn òun. Kò gbé e. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní Ràmílátù Àrómù. Níbi ìnáwó, bó bá gbé abọ́ dé iwájú èèyàn, onítọ̀hún á kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ kó tó wo oúnjẹ. Kò pẹ́ tó fi dẹ́kun lílọ. Á fi nǹkan ránṣẹ́, á ní iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun ráyè.

Iṣẹ́ náà sì kọ́ ọ ní ohun tí ilé ìwé kò kọ́ ọ. Kò sí àpò kan tó tún wọlé tí kò ní béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ibi tó ti wá. Lára páálí wọn, "viande", ìyẹn ẹran, ni wọ́n kọ gàdàgbà. "Soja" wà nísàlẹ̀, ó kéré bí èèrà. Ó dìde nínú ìpàdé, ó ní kí wọ́n yí i padà. Ọ̀gá wọn wò ó.

"Bí a bá kọ sóyà gàdàgbà, ta ni yóò rà á?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá a wọ gbaka délé. Kò mọ ìdí tó fi dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún kan àtààbọ̀ ló fi sọ ọ́ kí wọ́n tó gbà. Ọjà sì wálẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ti wí. Wọ́n wá ní kí Ràmílátù fúnra rẹ̀ lọ dúró ní ilé ìtajà ńlá kan ní Zone 4, kó máa fún àwọn èèyàn tọ́ wò. Ó lọ. Ó gbé sítóòfù kékeré kalẹ̀, ó to ègé sóyà sórí àwo. Bí ẹnikẹ́ni bá ti nawọ́, á ní, "Sóyà ni o, madame, kì í ṣe ẹran," kí ọwọ́ tó kan àwo. Àwọn kan á fa ọwọ́ padà. Ó pẹ́ kó tó kọ́ bí a ṣe ń jẹ́ kí ọwọ́ èèyàn padà láìfi ọ̀rọ̀ fà á. Àwọn díẹ̀ á dúró, wọ́n á béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, á sì ka gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan ìwúkàrà.

Nígbà tí Rùmáísà pé ọmọ ọdún méje, ó ka Kùránì dé ibi tó yẹ kí wọ́n ṣe sàráà fún un. Lúkmánì wá bá àbúrò rẹ̀ nílé.

"Ràmílátù, wá bá mi dáná."

Ó wá. Ìkòkò méjì ló gbé kalẹ̀, ọ̀kan ẹran àgbò, ọ̀kan sóyà. Ó so aṣọ pupa mọ́ ọwọ́ ìkòkò sóyà, ó sì dúró tì í, ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá gbé àwo wá. Àlàájì Sùrájù ti darúgbó, eyín méjì ló kù lẹ́nu rẹ̀. Ó gbọ́ àlàyé tán, ó mi orí. "O ṣeun tí o sọ. Bu ti àgbò fún mi." Mouritala mú ègé sóyà kan, ó jẹ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. "Kò burú," ni ó wí, ṣùgbọ́n kò mú èkejì. Nígbà tí àlejò lọ tán, ìkòkò aláṣọ pupa fẹ́rẹ̀ẹ́ kún bí wọ́n ṣe gbé e jáde.

Ràmílátù àti Fàìzà jọ lóṣòó sídìí ẹ̀rọ omi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Fàìzà báyìí, ó wà ní lycée, ilé ẹ̀kọ́ girama, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì tíì pọ̀. Kò béèrè nǹkan kan. Ràmílátù ló dá ọwọ́ àwo fífọ̀ dúró.

"O bi mí ní ìbéèrè kan níbí nígbà kan."

"Mo rántí, Tàntí."

"Mo gba kànrìnkàn lọ́wọ́ rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Tàntí."

Ràmílátù bojú wo ìkòkò sóyà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Sóyà yẹn ló ń tì mí lójú. Gbogbo wọn rò pé mo fẹ́ tan àwọn jẹ ni. Mo jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀, torí ó rọ̀ mí lọ́rùn ju òdodo lọ. Èmi tí mò ń fi ọwọ́ ara mi ṣe é, èmi ni mo kọ́kọ́ gbà pé kò sí ẹni tó máa fẹ́ ẹ bó bá mọ orúkọ rẹ̀. Bí mo bá gbé e kalẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, tí wọ́n kọ̀ ọ́, á dà bíi pé èmi ni wọ́n kọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi í pamọ́ sábẹ́ àgbò."