Èjìká Mi àti Físíò Ọmọ Ìlú Wa

Ìrun àárọ̀ ni mo fẹ́ kí. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti wọ ìrun, ọ̀tún lọ, òsì dúró sí àyà. Mo tún gbé e, oró kan sì ta mí láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́. Mo rò pé mo sùn lé e ni.

Kò lọ. Nígbà tó yá, mi ò lè de kọ́mú fúnra mi mọ́, mi ò sì lè gbé abọ́ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Aboabo, ní Kumasi níbí. Ní ọsibítù, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán. Dókítà ní èjìká náà ti gan: awọ tó bo oríkèé ló wú, tó sì sún kì. Ó máa ń tú, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Ó ní kí n lọ rí físíò, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera tó kọ́ bí a ṣe ń fi ìdárayá mú iṣan àti oríkèé bọ̀ sípò. Èrò pọ̀ níwájú mi lọ́dọ̀ físíò wọn, wọ́n ní kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀.

Mo ròyìn rẹ̀ nípàdé ọmọ ìlú wa ní Dichemso. Alájì tó jẹ́ alága wa nawọ́ sí Wàsíù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé pẹ̀lú kóòtù funfun, tó ní físíò lòun. Ráhámà ọmọ mi béèrè pé, "Bàbá, licence rẹ̀ ńkọ́?"

Ojú Alájì le. "Kai! Ọmọ wa ni kẹ̀! Yàrá kan ni bàbá rẹ̀ àti bàbá mi jọ ń sùn ní Ashanti New Town. Wallahi, a kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ ọmọ ilé."

Gbogbo ìpàdé ní kí ọmọ mi jókòó. Bí a ti ń ṣe nìyí láti ìgbà tí àwọn bàbá wa ti dé Kumasi láìmọ ẹnì kan: ẹni tí ará ilé bá dúró fún, a ti gbà á.

Wàsíù wá sí pálọ̀ mi. Kò yẹ èjìká náà wò, kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó ní kí n dùbúlẹ̀, ó fi orúnkún tẹ ẹ̀gbẹ́ mi, ó sì fa apá náà sókè lẹ́ẹ̀kan. Mo gbọ́ bó ṣe ya nínú mi. Mo ké débi pé àwọn aládùúgbò sáré wọlé. Ó ní àìsàn náà ló ń jáde.

Ní ọsibítù, àwòrán fi hàn pé iṣan tó so egungun apá mọ́ èjìká ti ya. Akosua, físíò tòótọ́, bi mí pé, "Maame, hwan na ɔyɛɛ wo sei?" Mo sọ ẹni tó ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ó tẹ orúkọ náà sórí fóònù rẹ̀, níbi tí ìgbìmọ̀ ìjọba ń kó orúkọ àwọn tó ní àṣẹ sí. Wàsíù kò sí níbẹ̀. Tíì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì tutù tó fi rí i pé kò sí. Àyẹ̀wò yẹn nìkan ni apá mi nílò, àwọn ará ìpàdé wa ò sì jẹ́ kí a ṣe é.

Ẹ̀yin tí èjìká yín ń gan, ẹ béèrè orúkọ físíò yín lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́ àti nọ́ńbà àṣẹ rẹ̀. Ẹ wò ó lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ náà, kí ẹ sì rí i pé ti ọdún yìí ni, torí ọdọọdún ni wọ́n ń tún un gbà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí ìbéèrè yẹn.

Mo ti ń lọ sọ́dọ̀ Akosua tipẹ́. Ọwọ́ mi dé ọ̀gangan ojú báyìí. Ó ní kò dájú pé yóò kọjá ibẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ apá yìí tó gbìyànjú. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà tó wá bẹ̀ mí pé kí n má fẹjọ́ ọmọ wa sùn. Mo fẹjọ́ sùn. Àwọn kan kì í dáhùn sálámà mi mọ́.

Nípàdé tó kọjá, Alájì kéde pé Wàsíù ni yóò máa tọ́jú orúnkún bàbá arúgbó kan. Mo dìde, mo ní, "Licence rẹ̀ dà?" Wọ́n ní kí n jókòó. Bí mo ṣe ń jáde, ìyàwó bàbá náà fà mí láṣọ lẹ́nu géètì, ó wẹ̀yìn, ó ní, "Ìyá Ráhámà, níbo ni wọ́n ti ń wò ó?" Mo fi hàn án lórí fóònù mi. Ó ní òun ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ òun, àmọ́ kí n jọ̀ọ́, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun béèrè. Inú bí mi. Síbẹ̀ orúnkún bàbá náà ṣì wà lódidi, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn.