Ọbabìnrin tó Kúnlẹ̀ fún Ọlọ́ṣẹ

Ọdún 2003 ni mo kọ́kọ́ rí Alhaji Sàláwù, ọjọ́ náà gan-an ló sì da eré ilé-ìwé wa rú. Tíṣà ni mí ní Nima, ní ilẹ̀ Gã, nígbà náà, èmi ni mo sì ṣètò eré ìparí ọdún. Hafeezah, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló ń ṣe ọbabìnrin. Ó jókòó sórí ìtẹ́, adé páálí wà lórí rẹ̀, ìránṣẹ́ ìlú kejì sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó má jagun.

Ni bàbá Hafeezah bá wọlé. Ọjà Cow Lane tó ti ń ta ọṣẹ ló ti ń bọ̀. Trotro, ọkọ̀ èrò ibẹ̀, ti mú un pẹ́, páálí ọṣẹ kan sì wà léjìká rẹ̀. Bó ṣe rí ọmọ rẹ̀ lórí ìtẹ́, ó sọ páálí kalẹ̀, ó ké láti ẹnu ọ̀nà pé, "Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró ọmọ Sàláwù!"

Ìyá ọmọ náà ti kú, bàbá ló ń fi oríkì jí i láràárọ̀. Nínú ilé wọn, bó bá ti gbọ́ Àwẹ̀ró, ohun yòówù kó máa ṣe, ìkúnlẹ̀ ni. Ọbabìnrin sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá." Adé yí lọ sábẹ́ àga. Ìránṣẹ́ tó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì yí padà kúnlẹ̀ fún Alhaji.

Alhaji bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àdúrà náà gùn ju eré lọ, ìdajì àwọn òbí sì ń ṣe àmín.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ná ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò gbọ́ ìtàn ọbabìnrin tó kúnlẹ̀ fún ọlọ́ṣẹ. Obìnrin Gã kan ní ọṣẹ lòun wá rà, kì í ṣe ìtàn. Alhaji fi ọṣẹ kan ṣe ènì fún un kó lè dúró gbọ́ ọ parí.

Ṣùgbọ́n bí Hafeezah bá ti wọ kíláàsì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á kúnlẹ̀, wọ́n á ní, "Alata, ẹ káàbọ̀." Alata ni wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Ẹkún ló fi parí sáà náà. Èmi tí mo fẹ́ràn ètò lọ bá Alhaji ní ìsọ̀, mo rọra ní kó má pe ọmọ náà bẹ́ẹ̀ mọ́ níta.

Ó ká ọwọ́ kúrò lórí ọṣẹ. "Ṣé ojú mi ló ń tì í ni, Tíṣà?"

Mo ní rárá. Irọ́ ni mo pa.

Lọ́dún kejì, ó tètè dé, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó sì ń fi puff-puff tí wọ́n ń pè ní bofrot dí ẹnu ara rẹ̀ kí ohùn má baà já jáde. Ẹnì kan bi í pé èwo ni ọmọ tirẹ̀ nínú àwọn akọrin. Ìka ló nà. Kí orin tó parí, bofrot mẹ́jọ ti wọlé.

Lọ́dún kẹta, Hafeezah kò fún un níwèé ìpè. Ó wá ṣáá, ó dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ní ọṣẹ lòun ń kiri. Kò ta ẹyọ kan. Láti ìgbà náà, "Hafeezah" ló ń pè é, nílé àti lóde.

Nígbà tí àìsàn dá Alhaji dùbúlẹ̀, Hafeezah ti ń ṣiṣẹ́ báńkì, ó ti ń gbé ní àdúgbò Dansoman. Ilé rẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti bá àwọn méjèèjì. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ní, "Bàbá, ẹ kì mí."

Alhaji wo ẹnu ọ̀nà. "Tíṣà ńkọ́?"

"Mo wà níbí, Alhaji," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é."

Ohùn tó kún gbọ̀ngàn lọ́jọ́sí kò dé ibi tí mo dúró sí. Hafeezah gbọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì pẹ̀lú aṣọ báńkì lọ́rùn. Alhaji tún sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ọmọ náà ló bá mi tún un sọ, ẹ̀rín àti omijé pọ̀ lójú rẹ̀: ó ní kí n lọ sọ ọ́ ní Cow Lane pé òṣìṣẹ́ báńkì náà ń kúnlẹ̀ fún ọlọ́ṣẹ.

Mo lọ sọ ọ́. Ìtẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí ni Alhaji Sàláwù wà báyìí, ìlà kẹta láti ẹnu ọ̀nà.