Bí Ìlú Kékeré Kan ní Wales Ṣe Di Ìwé ní Ṣómólú

Láti Fọlá Àgòrò dé Abúlé Òkúta, ẹ ò lè rí ẹni tó mọ ìwé tò lórí kọ̀ǹpútà tó mi. Ẹ lọ béèrè. Mi ò parí sẹ́kọ́ńdìrì, mo fi ilé ìwé sílẹ̀, àmọ́ ìwé ò fi mí sílẹ̀. Kò sóhun tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣọ́ọ̀bù wa ń tẹ̀ tí kò kọ́kọ́ gba ọwọ́ mi kọjá.

Mọ́mì kan wọlé lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Wales ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, nílùú kékeré kan tí orúkọ ẹ̀ gùn ju títì ẹ̀ lọ. Wọ́n fẹ́ padà lọ máa gbé ibẹ̀, àmọ́ Alhaji, ẹ̀gbọ́n wọn tó ń gbé Ìsàlẹ̀ Èkó, kọ̀ jálẹ̀, pé àbúrò òun ò ní lọ darúgbó sínú igbó òyìnbó. Mọ́mì dẹ̀ ní àwọn ò ní lọ tí Alhaji ò bá súre fáwọn. Ni wọ́n bá kọ ìtàn ìlú náà wá, ká fi ṣe ìwé pélébé, kí Alhaji lè rí i pé ìlú gidi ni.

Mo kà á. Omi tó ń dà látorí òkè, rélùwéè kékeré tó ń gbé àwọn tó wá ṣeré kiri.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, èyí ò lè wọ Alhaji létí. Ta ló tẹ ìlú yẹn dó?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kọ́ mi nílùú tí mo ti lo ayé mi ni?"

"Rárá, mà. Àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó wo ló máa jókòó wo omi tó ń dà? Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó ni wọ́n máa béèrè, àti ogun tó jà á, àti ọjọ́ ọjà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fa àga. Wọ́n ní jagunjagun kan ló kọ́ ilé olódi sí bèbè odò, àwọn onílẹ̀ sun ún níná, wọ́n tún un kọ́, wọ́n tún sun ún. Ọjọ́bọ̀ lọjọ́ ọjà. Èdè tiwọn wà lọ́tọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ láyé ọjọ́un, wọ́n máa ń na ọmọ tó bá sọ ọ́ nílé ìwé.

Mo ní kí wọ́n dúró níbẹ̀. Bàrígà níbí ni wọ́n ti na èmi náà torí mo sọ Yorùbá ní kíláàsì. Èyí ni mo gbé síwájú, mo ti omi sẹ́yìn.

Alhaji fúnra wọn bá Mọ́mì wá wo ẹ̀dà àkọ́kọ́. Wọ́n kà á lórí ìdúró.

"Wọ́n na ọmọ torí èdè bàbá ẹ̀? Wọ́n ṣì ń sọ ọ́?"

Mọ́mì ní, "Wọ́n ń sọ ọ́, Bọ̀ọ̀dá mi. Àkọlé ojú títì gan-an, tiwọn ló ṣáájú Gẹ̀ẹ́sì."

Alhaji ṣí ìwé síwájú, wọ́n kan fọ́tò àgùntàn tó bo gbogbo òkè. Wọ́n yọ awò ojú.

"Ta ló ni àwọn wọ̀nyí?"

"Àwọn ará ìlú ni. Àgùntàn pọ̀ ju èèyàn lọ níbẹ̀."

"Àárín gbogbo èyí lo gbé, o ò fi àgbò Iléyá kan ránṣẹ́ sí mi rí." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, àmọ́ Alhaji ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbọ́wọ́ lé Mọ́mì lórí. "Máa lọ. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ. Ṣètò yàrá kan sílẹ̀ fún mi."

Mọ́mì ń sunkún, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ní kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi náà. Ọ̀gá mi wá ń sọ pé òun ti mọ̀ pé ìwé yẹn máa dáa. Kí lọ̀gá mọ̀? Òun ló ń pariwo orúkọ mi yìí, bébà ti há sẹ́nu ẹ̀rọ. Mo ń lọ.