Omi Tí Sàlàkọ́ Yà fún Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù

Sàlàkọ́ ń ya fọ́tò ní Ìbàfò. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, àmọ́ ó ti lé lógún ọdún tó ti wà níbẹ̀. Ìsọ̀ rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ. Ó ta aṣọ ńlá kan mọ́ ògiri, wọ́n ya òkun àti igi àgbọn sí i. Ẹni tí kò rí òkun rí á dúró síwájú rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé òkun wo nìyẹn.

Òun àti Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù ni wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà. Ọmọ Àdó-Àwáyè ni ìyá náà, níbi tí adágún wà lórí òkè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kọṣẹ́, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Lọ́jọ́ kan ó pe Sàlàkọ́.

"Mi ò lè gun òkè wa mọ́ láyé mi. Bá mi lọ ya omi yẹn wá, kí n máa rí i láti orí bẹ́ẹ̀dì."

"Ìyẹn náà lẹ tún ń kà sí nǹkan, Màmá? Màá fò ó ni."

"Pẹ̀lú ikùn tó tó ìkòkò yìí?" Ìyá rẹ́rìn-ín.

Ó lọ lóòótọ́. Kò tíì gun àtẹ̀gùn òkè náà dé ìdajì tí orúnkún rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Èémí rẹ̀ ń já. Ó jókòó sórí òkúta kan. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọ̀kan ní, "Bàbá, ẹ kú ìsinmi o!" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó sọ̀ kalẹ̀. Kò tiẹ̀ yọ kámẹ́rà nínú àpò.

Kí ni yóò wá sọ fún ìyá? Òun tó ní òun yóò fò ó.

Lẹ́yìn Mówè, kòtò kan wà tí àwọn tó ń fọ́ òkúta gbẹ́ pa tì. Òjò ti kún un. Ó lọ síbẹ̀ kí oòrùn tó mú, ó yà á, ó fọ̀ ọ́ ní ńlá, ó fi férémù sí i. Lójú tirẹ̀, kò yàtọ̀ sí aṣọ ara ògiri rẹ̀.

Ìyá fi ọwọ́ pa dígí rẹ̀. Ó sunkún. Ó ṣàdúrà fún Sàlàkọ́ títí ara fi ń ta á. Wọ́n gbé e kọ́ síwájú bẹ́ẹ̀dì, gbogbo àlejò ló ń fi hàn. "Omi ilé wa nìyẹn. Sàlàkọ́ ló gun òkè nítorí mi." Sàlàkọ́ wá ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Lọ́jọ́ tí Sùlèímọ́nù, àbúrò ìyá, ti Àdó-Àwáyè dé, wọ́n pe Sàlàkọ́ kó wá gba ìyìn. Sùlèímọ́nù wo ẹ̀bá omi inú fọ́tò, tó pupa, tí ẹ̀rọ gé gún régé. Ó wo Sàlàkọ́.

"Sùlèí, ṣé kò tíì gbẹ?" ni ìyá bi í.

"Kò gbẹ, ẹ̀gbọ́n mi. Omi wa ni."

Sàlàkọ́ sìn ín dé títì márosẹ̀, ó na ọwọ́ sí i pé ó dàbọ̀. Sùlèímọ́nù ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ àpò.

"O sọ mí di òpùrọ́ níwájú ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. Ó wọ ọkọ̀.

Sàlàkọ́ kò lè jẹun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú bẹ́ẹ̀dì ìyá.

"Màmá, mi ò dé ibẹ̀. Orúnkún mi kọ̀. Kòtò òkúta Mówè ni mo yà."

Ìyá yí ojú sí fọ́tò náà.

"Ìyẹn ni mò ń kí láràárọ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá."

"Ibo lo dé?"

"Òkúta pẹrẹsẹ kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Mo jókòó síbẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi, ibẹ̀ lèmi náà jókòó sí, tí mi ò lè lọ mọ́. O ò lè ya ìyẹn wá fún mi?"

Sàlàkọ́ ṣì wà nílẹ̀.

"Yọ nǹkan yẹn kúrò níwájú mi."

Ó yọ ọ́. Ó dojú fọ́tò náà kọ àyà, ó gbé e gba àárín àwọn ará ilé tó ń fọṣọ kọjá. Wọ́n ní, "Bọ̀dá Sàlàkọ́, ṣé ẹ tún fẹ́ lọ ya òmíràn ni?"