Ohùn Mọ́mì Lórí Omi Oníyọ̀

Àtẹ́lẹwọ́ Bàbá bo ẹnu mi pa, òórùn ẹja ń jáde lára rẹ̀. Mo fẹ́ pariwo. Ó sọ ọ́ sí mi létí wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Má dá a lóhùn. Bó pè ẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, má jẹ́."

Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Bàbá yìí kì í ṣe ẹbí wa. Ó ń gbé bésímẹ́ńtì, ìyẹn yàrá abẹ́ ilẹ̀, ilé wa ní Ajax lẹ́bàá Toronto, ní Kánádà, ó sì ń wa tírélà fún àwọn kan ní Woodbridge. Ọmọ Ìlàjẹ ni, inú ọkọ̀ apẹja ló dàgbà sí. Kí n má purọ́, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí. Tí a bá lọ sí etí adágún ní Toronto, á ti ìka bọ omi, á tọ́ ọ wò, á sì tutọ́ dànù. "Omi yìí ò níyọ̀. Kò lẹ́nu." Èmi a máa rẹ́rìn-ín. Ta ló gbọ́ ọ rí pé omi lẹ́nu?

Tírélà ló gbé e dé etí òkun lọ́hùn-ún ní Nova Scotia. Látìgbà náà, bí sọ́mà, ìgbà ooru, bá ti ń wọlé báyìí, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́. Ó ní àsìkò yẹn ni títúsì máa ń wọ́ wá sí etíkun, tí omi ṣì tutù bíi yìnyín. Ṣùgbọ́n kéèyàn má fọkàn tán an o: tí atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́rọ́ bá ti gúúsù fẹ́ sórí omi tútù yẹn, kùrukùru á bo ibi gbogbo kóo tó ṣẹ́jú. Lọ́dún kan, Dádì gbà pé kí a tẹ̀lé e. Mọ́mì ò ráyè. Ó ní ṣíìfù níbi iṣẹ́.

Ká tó sọ̀ kalẹ̀ sórí àpáta, Bàbá ṣòfin: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni. "Omi oníyọ̀ ń gbọ́ràn. Orúkọ tó bá gbọ́, kì í gbàgbé." Dádì ní, "Ẹ̀yin náà ẹ! Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ fún mi." Bàbá ju ìwọ̀ sómi. Títúsì wá lóòótọ́, wọ́n ń jà pàtì pàtì nínú garawa. Èmi tó jẹ́ pé inú fírísà ni mo mọ̀ wọ́n sí! Nígbà tó rẹ Dádì, ó ní òun ń lọ sùn nínú mọ́tò. Bó ṣe ń gòkè lọ ló yíjú padà, ó kígbe orúkọ mi ketekete pé kí n má sún mọ́ etí omi. Ọwọ́ Bàbá dúró lórí okùn ìwọ̀.

Kò pẹ́ tí kùrukùru fi dé. Mi ò rí ọwọ́ ara mi mọ́. Ẹnìkan wá pè mí láti ojú omi. Kì í ṣe bí tíṣà mi òyìnbó ṣe máa ń fọ́ orúkọ náà sí wẹ́wẹ́ o. Dò wà níbi dò, mí wà níbi mí. Ohùn Mọ́mì ni. Mọ́mì tó wà ní Ajax! Mo ti gbẹ́sẹ̀, mo ti lanu láti sọ pé "Mà!" kí ọwọ́ Bàbá tó bò mí lẹ́nu.

Ó tún pè mí, ìkejì dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bàbá ò jù mí sílẹ̀. "Mọ́mì ẹ wà níbi iṣẹ́," ó ní. "Èyí ò mọ Ajax." Nígbà tí kùrukùru ká, mo rí i pé etí àpáta gan-an ni mo wà. Omi dúdú ló wà nísàlẹ̀.

Bàbá ti lọ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, ẹ jẹ́ kó sinmi. Níbi iṣẹ́, wọ́n ní mo ń ṣe fújà, torí n kì í jẹ́ ìpè àfi tí mo bá rójú ẹni tó ń pè mí. Kí wọ́n máa wí.

Mọ́mì náà kú nígbà òtútù tó kọjá. Bí sọ́mà yìí ṣe ń wọlé, èmi àti ọmọbìnrin mi rìn lọ sí etí adágún tí Bàbá máa ń tọ́ wò láàárọ̀, kùrukùru sì bo omi. Ọmọ náà dúró. "Mummy, Grandma is calling you."

Mo ti gbọ́ ọ kó tó sọ ọ́. Ọlọ́run nìkan ló mọ bó ṣe wù mí tó láti sọ pé "Mà!" lẹ́ẹ̀kan péré. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ọmọ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ti ìka bọ omi, mo tọ́ ọ wò.

Ó níyọ̀.