Àna Tó Ń Rún Iyán

Bàbá ọmọge tí mo fẹ́ fẹ́ ní òfin kan ṣoṣo fún ọkùnrin: bó o bá ṣe ń jẹ iyán, bẹ́ẹ̀ lo ṣe máa kọ ebè. Àgbẹ̀ ni nílùú Kábúà, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ le bí èèpo igi, kì í sì í béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin yẹn bá mi lára mu gan-an ni, torí ìwé ni n ò ní. Mo ti kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó lé mi. Tíṣà wa kan máa ń sọ pé nínú gbogbo nǹkan tó ń dún nílé ẹ̀kọ́ náà, agogo oúnjẹ nìkan ni mo máa ń dá lóhùn. Kò purọ́ mọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iyán. Lọ́dọ̀ wa, tó o bá ń fẹ́ ọmọ ẹni, wàá kó àwọn ọ̀rẹ́ ẹ lọ sóko bàbá ọmọ náà lásìkò ebè, ẹ ó kọ ebè fún un, ìyá ọmọ á sì gún iyán fún yín. Ọ̀wẹ̀ àna nìyẹn. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ lọ, ebè mi ò tó nǹkan. Ikùn mi ló ń ṣáájú mi débi iṣẹ́, tí mo bá bẹ̀rẹ̀, òun ló ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Mo sanra nígbà náà ju bó ṣe yẹ lọ. Tí mo bá jókòó sórí àpáta, àwọn ọmọ àdúgbò á ní àpáta ìlú wa Ṣábẹ ti lé kan sí i. Àmọ́ nígbà tí iyán dé, ẹ ò rí mi! Òkèlè ń lọ, òkèlè ń tẹ̀ lé e, ọ̀fun mi ń ṣí bí ilẹ̀kùn ọjà. Bàbá wò mí títí, ó mirí, ó wá sọ fún ìyàwó ẹ̀:

"Ọkùnrin rèé. Ẹ bu sí i fún un."

Kò tiẹ̀ wo ibi tí ebè mi wà. Bí wọ́n ṣe ṣèlérí ìyàwó fún mi nìyẹn, láti inú ọpọ́n.

Kí ebè ọdún kejì tó tó kọ, inú mi bẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí; oúnjẹ ni mo fi ń wò ó. Tó bá ta mí, màá fi ẹ̀bà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Níjọ́ tí egbò tó wà nínú mi wá lu, wọ́n gbé mi wọ rélùwéè lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan lọ́nà ìsàlẹ̀, ìyá mi jókòó síbi orí mi, ó ń bá Ọlọ́run jà títí a fi dé. Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, òyìnbó ni, láti ilẹ̀ kan tí ìjọba wa ń bá ṣọ̀rẹ́ nígbà yẹn. Ó gé ibi tó bàjẹ́ nínú àpò oúnjẹ mi, ó sì gé lára èyí tí kò bàjẹ́ náà, ó ní ọ̀rá tí mo gbé sára yìí, tí n ò bá gbé e sọ̀ kalẹ̀, yóò gbé mi sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ Kétu ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀ fún mi.

"Ó ní ìwọ̀n ìkúùkù kan ni oúnjẹ ẹ báyìí. Tó o bá jẹ ẹ́, dúró. Tó bá pẹ́ díẹ̀, tún jẹ ìkúùkù mìíràn. Má mu omi lé oúnjẹ lórí. Má fẹnu kan nǹkan dídùn. Máa rìn lójoojúmọ́. Ohun tó o bá sì fi sẹ́nu, kó o rún un títí á fi di omi."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í: iyán ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé iyán fún òyìnbó. Ó fi ọwọ́ gún un, ó fi ìka mú òkèlè, ó jù ú sọ́fun. Ojú dókítà là kalẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ó ní o máa rún un."

"Iyán? Kí n máa rún iyán?"

"Àbúrò, èmi kọ́ ló sọ ọ́ o. Bí wọ́n bá lé ẹ nílùú, má dárúkọ mi."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ta ló ń rún iyán? Ọmọ tí kò tíì léyín gan-an ń gbé e mì.

Mo padà sí Ṣábẹ, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ. Ṣòkòtò mi wá fẹ̀ débi pé mo lè yí padà nínú ẹ̀ kí òun má mọ̀. Rédíò ń pariwo pé ìyípadà ti dé sílùú; tèmi ti wọnú ikùn lọ ní tiẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi á na ìkúùkù sókè, bí àwọn ará ìyípadà ṣe ń kí ara wọn, tí wọ́n bá rí mi:

"Kàmáráàdì! Níbo lo gbé ìyókù ẹ sí?"

Ìyá mi wá ahá kékeré kan, irú èyí tí wọ́n fi ń bu àgbo fọ́mọ, ó ní oúnjẹ kankan ò gbọdọ̀ dé ẹnu mi láì gba inú ahá yìí kọjá. Mo ń gbé e kiri bí aláàárù ṣe ń gbé òṣùká. Mo ń rún gbogbo nǹkan. Mo ń rún ẹ̀kọ. Mo ń rún ọbẹ̀. Láàárọ̀, màá rìn láti ibùdó rélùwéè dé ẹsẹ̀ òkè, màá tún padà, àwọn ìyá tó ń tajà lójú ọ̀nà á dìde, wọ́n á máa wo ẹ̀yìn mi.

"Ọmọ mi, ta ló ń lé ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi, ìyá. Mo kàn ń rìn ni."

"Sí ibo?"

"Sí ibi tí mo ti bọ̀."

Wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á ní iṣẹ́ abẹ yẹn ti dé orí.

Ká má parọ́, mo ṣubú lọ́nà. Ọkọ̀ tó ń kó ìrèké lọ sí ilé iṣẹ́ ìrèké já ìdì kan sílẹ̀ lẹ́bàá títì, mo sì ṣàlàyé fún ara mi pé ìrèké kì í ṣe oúnjẹ, omi ni. Mo fà á dé ìdí. Kò pẹ́ tí ayé fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Òógùn bò mí, àyà mi ń lù kìkìkì bíi pé mo ti sáré dé Paraku. Mo na ara mi sábẹ́ igi máńgòrò, mo ń ṣe ìdágbére fún àwọn ewé. Ọ̀rẹ́ mi sáré lọ pe ìyá mi. Ìyá mi dé, ó wo èèpo ìrèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé mi.

"Ẹ jẹ́ kó kú tán. A ó wá gbé e."

Mi ò kú. Ìtìjú ni mo gbé délé.

Àárín èyí ni wọ́n ránṣẹ́ sí mi láti Kábúà. Bàbá ní òun gbọ́ pé mo ti rù. Ó ní àsìkò ebè ti tó, kí n kó àwọn èèyàn mi wá, kí n sì wá jẹun níwájú òun, kí òun rí ọkùnrin tó kù nínú mi. Ọmọge náà fúnra ẹ̀ ló bá mi wá ṣàlàyé ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: ọ̀dọ́kùnrin kan wà ní Sákín, tó ga, tó fẹ̀, tó ti ń fi àgbọ̀n ẹran ìgbẹ́ ránṣẹ́. Bí mi ò bá lè jẹun, bàbá ti pinnu. Mo sọ fún un pé mi ò ní rún iyán lójú bàbá ẹ̀ láé, pé màá ti ibẹ̀ di ìtàn.

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ dé. A kọ ebè láàárọ̀, ìyá ọmọ gbé iyán dé, funfun báláú, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ń rẹ́rìn-ín sí mi. Bàbá jókòó kọjú sí mi. Mo gbàgbé dókítà. Mo mú òkèlè, irú ti tẹ́lẹ̀, mo jù ú sọ́fun. Òmíràn tẹ̀ lé e. Bàbá ń mirí. Mo mú ẹ̀kẹta, ó bá àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lójú ọ̀nà, wọn ò tíì lọ. Gbogbo wọn dúró síbẹ̀, wọ́n ń ti ara wọn. Òsúkè mú mi. Itọ́ kún ẹnu mi. Mo dìde, mo sáré gba ẹ̀yìn igi kajú, mi ò dé ẹ̀yìn ẹ̀. Orí ebè tí bàbá fúnra ẹ̀ kọ láàárọ̀ yẹn ni mo dá gbogbo ẹ̀ padà sí.

Bàbá fọ ọwọ́.

"Ẹ mú un lọ sílé. Oko ni mo dá, mi ò dá ilé ìwòsàn."

A ò tíì kọ ebè sí odindi apá kan oko náà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fi ọ̀wẹ̀ àna sílẹ̀ láàbọ̀, òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọmọ náà sílẹ̀. Nítorí náà mo gbọ́dọ̀ padà, mo sì mọ̀ pé mi ò lójú tí màá fi padà. Mo dùbúlẹ̀ sílé, mo kọjú sógiri, mo ń jẹ àkàrà díndín tí wọ́n ní kí n má jẹ, mo ń káàánú ara mi. Ọmọge wọlé, ó gba àkàrà lọ́wọ́ mi, ó jẹ èyí tó kù.

"O máa padà lọ́la. O máa mú ahá ẹ dání. O máa rún iyán."

"Wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ṣé o rò pé wọn kì í fi ẹ́ rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ ni? Ẹ̀rín kì í lu inú. Iyán ló ń lù ú."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ó sì gbé mi dìde.

Bí mo ṣe padà nìyẹn. Nígbà tí iyán dé, mo bù ú sínú ahá mi, ìwọ̀n ìkúùkù kan, mo fi díẹ̀ sẹ́nu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rún un. Gbogbo ọwọ́ dúró lójú ọ̀nà ẹnu.

"Kí ló ń ṣe yẹn?" Bàbá ló ń béèrè.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní, "Ó ń rún un, bàbá."

"Ó ń rún kí ni?"

"Iyán."

"Iyán wo ló léegun?"

Wàhálà gan-an wá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìyá ọmọ gba ọ̀rọ̀ náà sí èébú. Ó na ọrùn. "Iyán tí mo gún! Ṣé kókó ló wà níbẹ̀? Láti ìgbà tí mo ti wà nílé yìí, kò sẹ́ni tó bá kókó nínú iyán mi!"

Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ẹnu kíkún. Mi ò lè sọ̀rọ̀ torí mi ò tíì rún un tán, mi ò sì lè gbé e mì. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo ń rún, wọ́n ń dúró. Nígbà tó di omi, mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Iyán yín ò ní kókó. Inú mi ni wọ́n gé." Mo ká ẹ̀wù sókè, wọ́n rí àpá abẹ, láti àyà dé ìdodo, bí ojú irin rélùwéè. Ìyá pariwo "Yéè!" Àwọn ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn jẹ iyán tiẹ̀ lọ, ó sì jẹ ẹ́ púpọ̀, bíi pé ó ń fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ mọ ohun tí iyán ń ṣe fún èèyàn lọ́sàn-án gangan. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi na gbalaja sábẹ́ igi kajú, àwọn ọ̀rẹ́ mi, bàbá, gbogbo ẹ̀, ẹnu ṣí sílẹ̀, eṣinṣin ń ṣe ìpàdé níbẹ̀. Èmi nìkan ni oorun ò rí mú. Ìkúùkù kan ò lè gbé ọkùnrin sùn. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sẹ́ni tí màá bá tàkúrọ̀sọ, ni mo bá mú ọkọ́. Kì í ṣe ìwà akin; ó sú mi ni. Mo ń kọ ebè, ikùn ò sì dí mi lọ́wọ́ mọ́, mo lè bẹ̀rẹ̀ kí n sì dìde bí èèyàn. Nígbà tí ebi tún pa mí, mo jókòó sórí ebè, mo jẹ ìkúùkù mìíràn nínú ahá, mo tún mú ọkọ́.

Bàbá jí. Ó rí ebè tí kò sí níbẹ̀ nígbà tó sùn, ó lọ títí dé ààlà oko.

"Ta ló kọ ìwọ̀nyí?"

"Ẹni tó ń rún iyán ni," ìyàwó ẹ̀ dá a lóhùn. Òun ti jí tipẹ́, ó ń wò mí. "Ó tún ń jẹun lọ́wọ́ báyìí."

"Ó tún ń jẹun?"

"Ó ti ń jẹ láti ìgbà yẹn. Ó jẹ díẹ̀, ó kọ díẹ̀, ó jẹ díẹ̀."

Bàbá rìn wá, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ebè kan wò. Kò wó. Ó tẹ òmíràn. Ó wá wò mí bí mo ṣe ń rún, ojú ẹ̀ fún pọ̀ bí ẹni tó jẹ oroǹbó kíkan.

"Òfin mi ò tíì yẹ̀," ó ní. "Bó ṣe ń jẹ ẹ́ náà ló ṣe ń kọ ọ́. Díẹ̀díẹ̀, kò sì dákẹ́." Ó yí padà sí ìyàwó ẹ̀. "Ẹ fún un lọ́mọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kó má jẹun lójú àlejò mi. Mo ní orúkọ nílùú yìí."

Bó ṣe rí nìyẹn. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, nígbà tí gbogbo ayé ń jẹun níwájú ilé, ẹ̀yìn ilé ni ọkọ ìyàwó wà pẹ̀lú ahá, ó kọjú sógiri, ó ń rún. Ìyàwó ló ń ṣọ́nà kí ẹnikẹ́ni má yọjú. Mo ṣì ń ṣubú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ ìrèké ṣì ń kọjá, igi máńgòrò náà sì ti mọ ẹ̀yìn mi. Ṣùgbọ́n ahá wà lọ́wọ́. Tí mo bá sì lọ kí àwọn àna mi ní Kábúà, ìyá ìyàwó mi á gún iyán náà kúnná, á tún dá a padà sódó, á tún un gún. Tó bá gbé e kalẹ̀ tán, kì í lọ. Á jókòó síwájú mi, á máa wo ẹnu mi, bóyá màá gbàgbé lọ́jọ́ kan, kí n gbé e mì.