Àpò Mẹ́fà fún Òkun

Tapólì ọkọ̀ tírélà la máa ń rán ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sabon Gari, nílùú Kano. Mi ò kàwé kọjá kíláàsì kejì ní girama, mi ò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀rọ ìránṣọ lò. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi gbé iṣẹ́ tirẹ̀ wá bá wa nígbà tó wá kí àwọn òbí rẹ̀ ní Gwagwarwa. Yunifásítì kan létí òkun ló ti ń ṣe ìwádìí.

Àpò gbọọrọ mẹ́fà ló fẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ju èèyàn lọ, kó sì fẹ̀ tó dúrọ́ọ̀mù. Ike tó nípọn ló gbé wá, ó tó àpò mẹ́fà géérégé. Ó ní àwọn máa so wọ́n rọ̀ sínú òkun, kí omi kún inú wọn pẹ̀lú gbogbo ohun kéékèèké tó ń gbé ibẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ di omi òkun bíi píọ̀ wọ́tà ni?" Ọ̀gá mi ló bi í bẹ́ẹ̀, Àlhájì ará Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kano.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àlhájì. A ò kàn ní tà á ni."

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Gáàsì kan wà nínú èéfín ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ tí òkun máa ń fà mu. Bó ṣe ń pọ̀ sí i ni omi òkun ń yí sí ọ̀nà kíkan, díẹ̀díẹ̀, débi pé ahọ́n ò lè mọ̀ ọ́n. Wọ́n á fẹ́ gáàsì náà sínú àpò mẹ́ta, kí omi ibẹ̀ lè dà bí òkun ṣe máa rí nígbà tí àwọn ọmọ wa bá dàgbà. Wọn ò ní fọwọ́ kan mẹ́ta yòókù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wo bí àwọn ìgbín òkun ṣe ń kọ́ ìkarahun wọn nínú oríṣi àpò méjèèjì.

Mi ò tíì rí òkun rí. Ó yà mí lẹ́nu pé èèyàn lè di ọ̀la sínú àpò kó sì jókòó tì í.

"Kí wọ́n má jò, kí wọ́n sì jọra," ó ní. "Tèṣí jò, omi òde wọnú rẹ̀, gbogbo iṣẹ́ wa sì ṣòfò. Bí èyí náà bá bàjẹ́, wọn ò ní gbà mí láyè mọ́."

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rán wọn. Nígbà tí mo parí, Àlhájì dán wọn wò bó ṣe máa ń dán tapólì wò: ó da omi lù wọ́n láti ìta, ó ní kí n ti ọwọ́ bọ inú. Inú wọn gbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ gan-an, ó ní òun á wá kó wọn lọ́jọ́ kejì.

Ìgbà tí mò ń ká wọn ni mo rí i. Àpò tí mo kọ́kọ́ rán, bí ìbòrí ọkọ̀ ni mo ṣe rán an: mo yí etí rẹ̀ síta, kí òjò lè máa ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Márùn-ún yòókù, inú ni etí wọn wà, kí omi inú lè máa tẹ̀ ẹ́ pa. Omi tí Àlhájì dà láti ìta kò lè fi ìyẹn hàn. Mi ò lè sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo bá a nílé, ó ń mu kùnú.

"Àǹtí, ọ̀kan ò dáa."

Ó gbé ife sílẹ̀. "Ṣé a lè tú u?"

"A lè tú u, mà. Ṣùgbọ́n ihò abẹ́rẹ́ lára ike kì í dí. Ihò tiẹ̀ á ju tàwọn tó kù lọ." Mo ń wo ẹsẹ̀ mi. "Ẹ jẹ́ kí n tú gbogbo wọn."

"Àti márùn-ún tó dáa?"

"Kí wọ́n lè jọra, mà."

Kò bínú rárá. Ó mú ìwé rẹ̀, ó kọ àṣìṣe náà sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó pe àwọn onímọ́tò pé òun ò lọ mọ́ lọ́jọ́ náà, ó sì tẹ̀ lé mi dé ṣọ́ọ̀bù. Ó fi bíléèdì tú okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí ìka rẹ̀ fi bó.

"Odindi dókítà yunifásítì ló ń tú okùn," ni Àlhájì ń sọ. "Ẹ̀yin ará òkun, wàhálà yín pọ̀, wallahi." Ṣùgbọ́n òun náà ti fa bẹ́ǹṣì, ó ń fi gọ́ọ̀mù dí ihò.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo ti tún gbogbo wọn rán, etí wọn wà nínú. A da omi jẹ́ríkàn mẹ́rin tí a rà lọ́wọ́ mai ruwa, ẹni tó ń ta omi kiri, sínú àpò kìíní, a gbé e kọ́ irin. A dúró, a fọwọ́ pa abẹ́ rẹ̀. Ó gbẹ. A da omi kan náà sínú èkejì, títí a fi dé ìkẹfà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan Àǹtí pè mí láti etí òkun. Kò sí èyí tó jò. Ìkarahun tó wà nínú mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ gáàsì sí ti ń fẹ́lẹ́ ju ti mẹ́ta yòókù lọ, ó sì ti ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi fọ́tò àwọn àpò náà ránṣẹ́, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lórí omi aláwọ̀ ewé. Mo fẹ̀ ẹ́ títí, mò ń wá èyí tí mo bàjẹ́. Mi ò dá a mọ̀.